Àlejò Tí Ó Gba Yàrá Onílé: Tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba àti Ìnira Ojoojúmọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi etí, ojú àti ọkàn ta ọmọ ènìyàn lọ́rẹ, tí ó sì fi í mọ̀ pé a óò bi í léèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọjọ́ ìṣirò. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn ilé Yorùbá ní òru, onílé yóò kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta nì yẹn o?" kí ó tó ṣí i. Bí àlejò bá sì wọlé tán, wọn yóò bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n àlejò kan wà tí kì í kan ilẹ̀kùn, tí kì í kí ẹnikẹ́ni, tí kì í sì í dáhùn bí onílé bá bi í ní ìbéèrè. Ibi tí ó dára jù lọ nínú pálọ̀ ni ó máa ń gbà. Gbogbo àga ni ó kọjú sí i. Bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀, bàbá yóò dákẹ́, ìyá yóò dákẹ́, ọmọ kékeré yóò sì ní kí ìyá àgbà rọra gbé ohùn. Orúkọ àlejò náà ni tẹlifíṣọ̀n. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Ìlú Ọba, láti Peckham títí dé Manchester, àlejò yìí ti gba yàrá mọ́ onílé lọ́wọ́.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn máa ń gbà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní hàráámù ni gbogbo rẹ̀, kí wọ́n kàn fọ́ ọ kí wọ́n sì dà á nù. Àwọn kejì ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ń wò ni, ta ni yóò wá dá ti rẹ̀ yàtọ̀? Bí ènìyàn bá fi ara balẹ̀ wò ó, yóò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni ìjọ méjèèjì ń sá fún. Iṣẹ́ náà ni kí ènìyàn jókòó, kí ó ṣa ẹ̀wà kúrò lára òkúta. Ìjọ kan da ẹ̀wà àti òkúta nù pọ̀. Ìjọ kejì sì sè wọ́n pọ̀, ó sì ní kí àwọn ọmọ máa jẹ ẹ́. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò sí ní ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

ÌNIRA TÍ Ó Ń TI ÈNÌYÀN SÍ IWÁJÚ RẸ̀

Kí ènìyàn tó dá olówò ilé lẹ́bi, ó yẹ kí ó mọ bí ọjọ́ rẹ̀ ti rí. Ọ̀pọ̀ bàbá ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Òjò ń pa á ní ibùdókọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin tí ó ń dúró dè kò wá mọ́, tí ó bá sì pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́, ẹjọ́ ni. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, aago 8 àárọ̀ ni ìyá yóò ti máa pe ilé dókítà lórí fóònù. Orin ni wọn yóò máa kọ sí i létí títí, lẹ́yìn náà wọn yóò sọ fún un pé àyè ọjọ́ náà ti tán. Ìyá yìí kan náà ni yóò lọ tọ́jú arúgbó onílé ní alẹ́, tí yóò sì padà wálé nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń múra ilé-ìwé. Owó ilé, owó iná, lẹ́tà tí kò tán lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tí ó wọ iṣẹ́ nínú òkùnkùn, inú òkùnkùn ni yóò jáde sí.

Ẹni tí ó la irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá, bí ó bá délé, ọwọ́ rẹ̀ yóò wá rìmóòtù kí ó tó wá oúnjẹ. Kò ní ibi lọ́kàn. Ìsinmi ni ó ń wá. Ibẹ̀ gan-an ni àlejò yìí ti rí ọ̀nà wọlé. Nítorí náà, oníwàásù tí ó bá ń bú tẹlifíṣọ̀n, tí kò sì mẹ́nu kan àárẹ̀ àti ìdánìkanwà tí ó ń ti àwọn ènìyàn sí iwájú rẹ̀, ewé ni ó ń gé, ó fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn mọ ìnira yìí dáadáa, wọ́n sì ti sọ ọ́ di eré. Láti ọdún 1990 títí di ọdún 2000, BBC ń ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ One Foot in the Grave. Bàbá àgbàlagbà kan, Victor Meldrew, tí wọ́n ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí kì í bí i nínú: aládùúgbò, ọjà tí ó rà tí kò pé, òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ni ó ń fi bàbá náà rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n rí ara wọn nínú rẹ̀.

Ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì máa bá àwọn sàábé rẹ̀ ṣe àwàdà tí kò ní irọ́ nínú. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ ni pé: nígbà tí ẹ̀rín bá tán, kí ni ó kù? Irú eré bẹ́ẹ̀ mọ àìsàn náà, ó lè júwe gbogbo àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní oògùn. Oògùn wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, níbi tí Ànábì ti fi yé àwọn ènìyàn pé kò sí àárẹ̀, àìsàn, ìbànújẹ́ tàbí ìpalára kan tí yóò kan Mùsùlùmí, kódà kí ó jẹ́ ẹ̀gún lásán ni ó gún un, àfi kí Ọlọ́hun fi pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá gba èyí gbọ́, ọkọ̀ tí kò tètè dé kò jẹ́ òfò fún un mọ́. Ó lè fi àkókò náà tọrọ àforíjìn, ó lè fi ka Súrà tí ó ti ń gbàgbé. Kì í ṣe pé kí ènìyàn má béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ o. Ẹni tí a rẹ́ jẹ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti fi ẹjọ́ sùn ní ibi tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ sísùn yàtọ̀ sí ìráhùn. Ìráhùn tí kò lọ sí ibì kankan a máa jẹ ọkàn bí ìpẹtà ti ń jẹ irin.

OHUN TÍ ÀWỌN TÍ Ó DÁ A SÍLẸ̀ MỌ̀

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1926 ni John Logie Baird, ọmọ ilẹ̀ Scotland, kọ́kọ́ fi tẹlifíṣọ̀n han àwọn onímọ̀ nínú yàrá kan ní Soho, Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún 1936, BBC, tí a ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1922 fún rédíò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láti Alexandra Palace. John Reith, ọmọ pásítọ̀, ni olórí àkọ́kọ́ tí BBC ní. Ohun mẹ́ta ni ó gbà pé irú iṣẹ́ yìí wà fún: kí ó fún ni ní ìròyìn, kí ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́, kí ó sì dá ni lára yá. Kí olùkàwé ṣàkíyèsí pé ìdárayá kọ́ ni ó dá dúró, òun kọ́ sì ni olórí.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí gbogbo òbí Mùsùlùmí gbọ́. Títí di oṣù Kejì ọdún 1957, tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba máa ń dákẹ́ láti aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí aago 7. Kò sí àwòrán, kò sí ohùn. Ìdí rẹ̀ ni pé kí àwọn òbí lè rí àyè fi àwọn ọmọ kéékèèké sùn. Nígbà tí ITV dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, tí ó jẹ́ pé ìpolówó ọjà ni ó fi ń jẹun, wákàtí tí ó dákẹ́ di òfò owó lójú rẹ̀. Ó fi dandan lé e títí ìjọba fi gbà pé kí wọ́n mú ìdákẹ́ náà kúrò. Láti ìgbà náà ni kò ti dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà gan-an, tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, mọ̀ pé ó yẹ kí wákàtí kan wà tí yóò dákẹ́ nítorí ọmọ. Owó ni ó pa wákàtí náà. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun ti fún Mùsùlùmí ní wákàtí ìdákẹ́ tí ìjọba kankan kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni àkókò ìrun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, àárín aago 6 sí 7 yẹn gan-an ni Mọ̀gàríbì máa ń bọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wá ṣe jẹ́ nígbà náà tí ó fi jẹ́ pé ilé tí ó ní ìdákẹ́ láti ọ̀run ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù?

Òfin mìíràn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tí kò yẹ ọmọdé jáde lórí tẹlifíṣọ̀n kí aago 9 alẹ́ tó lù. Láti aago 9 títí di 5:30 òwúrọ̀ ni àkókò àwọn àgbà. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù títí aago 9 yóò fi kọjá. Èyí já sí pé ọmọ Mùsùlùmí tí ó jókòó ní pálọ̀ tí ó ń dúró de Mọ̀gàríbì ti wà nínú wákàtí tí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sọ pé kì í ṣe ti ọmọdé. Òfin wọn kò lè mọ èyí. Bàbá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà lókè òkun nìkan ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú àjọṣe ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n bá sè ní Lọ́ńdọ̀nù, òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ dé ilé.

TAJASSUS TÍ A FI Ń ṢE ERÉ

Bí ènìyàn bá béèrè lọ́wọ́ Mùsùlùmí pé kí ni ó burú nínú tẹlifíṣọ̀n, ìhòòhò ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Òótọ́ ni. Ọlọ́hun pàṣẹ nínú Súrà An-Nur pé kí onígbàgbọ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin rẹ ojú wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ó jìn ju ìhòòhò lọ, tí àwọn ènìyàn kì í sì í sábà kíyè sí, nítorí pé aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2000, Channel 4 bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ń jẹ́ Big Brother, nínú èyí tí wọ́n ti àwọn ènìyàn mọ́ inú ilé kan, tí wọ́n sì fi kámẹ́rà ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru. Láti ọdún 2015 ni Love Island ti dé sórí ITV2, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò wọ aṣọ tán ti ń yan ara wọn, tí wọ́n sì ń já ara wọn sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ètò mìíràn tún wà lórí ITV láti ọdún 2005, tí ó ń kó tọkọtaya àti ẹbí tí ó ń jà jáde ní òwúrọ̀, tí wọ́n ń tú àṣírí wọn síta kí àwọn òǹwòran lè pàtẹ́wọ́. Oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni wọ́n fi òpin sí i, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan tí ó wá síbẹ̀ kú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó so gbogbo èyí pọ̀: tajassus, ìyẹn ni ṣíṣọ́ àléébù ọmọlàkejì. Nínú Súrà Al-Hujurat, Ọlọ́hun kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti máa tọ pinpin àṣírí ẹnìkejì rẹ̀, Ó sì fi ẹni tí ó ń sọ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́yìn wé ẹni tí ó ń jẹ ẹran ara arákùnrin rẹ̀ tí ó ti kú. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí yóò bá yọjú wo inú ilé aládùúgbò ní láti fi ara pamọ́, nítorí ìtìjú. Nísinsìnyí, ilé iṣẹ́ ńlá ni ó ń bá a yọjú, wọ́n ń fi ìpolówó ọjà sí àárín rẹ̀, òun náà sì jókòó pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, wọ́n ń jẹ gúgúrú sí i. Ọmọ tí ó bá dàgbà nídìí irú ìran bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ ohun méjì: pé ìtìjú àwọn ẹlòmíràn jẹ́ ohun ìdárayá, àti pé bí òun náà bá fẹ́ kí ayé mọ òun, àfi kí òun tú ara òun síhòòhò.

Òkìkí pẹ̀lú jẹ́ aṣọ tí ó ń bo nǹkan púpọ̀. Ó tó ogójì ọdún tí Jimmy Savile fi jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lórí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn. Lẹ́yìn tí ó kú ní ọdún 2011 ni àṣírí tú. Ìwádìí tí Dame Janet Smith gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2016 sì fi hàn pé ènìyàn 72 ni ó ṣe níṣekúṣe ní ọ̀nà tí ó kan iṣẹ́ rẹ̀ ní BBC nìkan. Àwọn kan mọ̀, àwọn kan fura, ṣùgbọ́n òkìkí di ẹnu wọn. Kí Mùsùlùmí má ṣe fi èyí yọ̀ wọ́n. Bí ilé kéwú tàbí mọ́sálásí bá fi ọmọ sí abẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé láwàní rẹ̀ tóbi, ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí òkìkí tí ó yẹ kí ó ga ju ìbéèrè lọ.

RERE TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ìdájọ́ òdodo kò gbà kí a sọ ibi kí a má sọ rere. Láti ọdún 1999 títí di ọdún 2015, ó lé ní 900 àwọn olùtọ́jú ilé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n dá lẹ́bi olè àti èrú ní Ìlú Ọba, nítorí pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Horizon ní owó wọn kò pé. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣìṣe. Àwọn ènìyàn ni ó jẹ́ olóòótọ́. Àwọn kan wọ gbèsè, àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, aláboyún wà nínú wọn. Ìwé ìròyìn Computer Weekly ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 2009, ṣùgbọ́n etí ìjọba di. Alan Bates, olùtọ́jú ilé ìfìwéránṣẹ́ kan, kò dákẹ́ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Nígbà tí ITV wá gbé ìtàn náà jáde bí eré ní alẹ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ọdún 2024, gbogbo ìlú gbóná. Nígbà tí yóò fi di oṣù Karùn-ún ọdún náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òfin tí ó wẹ orúkọ àwọn ènìyàn náà mọ́.

Alẹ́ mẹ́rin péré ni tẹlifíṣọ̀n fi ṣe ohun tí ìwé àti ẹjọ́ kò tíì ṣe parí ní ọdún púpọ̀. Ta ni yóò sọ pé hàráámù ni kí a ran ẹni tí a rẹ́ jẹ lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ David Attenborough lórí ẹranko àti òkun, láti Life on Earth ní ọdún 1979 dé Blue Planet II ní ọdún 2017. Mùsùlùmí tí ó bá ń wò ó, tí ó sì mọ Ẹni tí ó dá ohun tí ó ń wò, àmì Ọlọ́hun ni ó ń kà. Nígbà tí Nadiya Hussain, obìnrin Mùsùlùmí tí ó wé gèlè híjáàbù rẹ̀, borí nínú ìdíje oúnjẹ dídín ti BBC ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, ó lé ní mílíọ̀nù 13 ènìyàn tí ó wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni obìnrin Mùsùlùmí kò tíì wọ ilé wọn rí, àfi nínú ìròyìn ogun.

Ó hàn gbangba nígbà náà pé agolo ni tẹlifíṣọ̀n. Agolo a máa gba oyin, a sì máa gba májèlé. Ojú onílé ni ó yẹ kí ó mọ èyí tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ ÌWÉ-ÀṢẸ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi ṣe àwàdà, tí kì í sì í ṣe àwàdà. Òfin Ìlú Ọba ni pé ẹni tí ó bá ń wo ètò tẹlifíṣọ̀n ní àkókò tí wọ́n ń gbé e jáde gan-an, láti ilé iṣẹ́ èyíkéyìí, tàbí tí ó ń lo iPlayer ti BBC, gbọ́dọ̀ san owó ìwé-àṣẹ. Owó náà di £174.50 ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ẹni tí kò bá san án, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó £1,000. Àwọn kan ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń kọ̀wé pé àwọn kì í wò ó. Bí ẹnìkan bá bá wọn wí, wọn yóò ní owó kèfèrí ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, ẹnikẹ́ni tí a bá pa á fún. Ọlọ́hun bẹ̀rẹ̀ Súrà Al-Ma'idah pẹ̀lú àṣẹ pé kí onígbàgbọ́ mú àdéhùn ṣẹ, kò sì yọ àdéhùn aláìgbàgbọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó wọ ìlú kan pẹ̀lú ìwé ìrìnnà ti bá ìlú náà ṣe àdéhùn pé òun yóò pa òfin rẹ̀ mọ́. Ọ̀nà hàláálì wà fún ẹni tí owó náà wọ̀ lọ́rùn: kí ó má wò ó, kí ó sì sọ òtítọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin gbà á láyè. Kò yẹ kí Mùsùlùmí máa ráhùn pé tẹlifíṣọ̀n ń ba ìwà ọmọ òun jẹ́, nígbà tí ó ń kọ́ ọmọ náà ní olè jíjà pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kan náà.

ÀLEJÒ TI KÓ WỌ INÚ ÀPÒ

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n wà ní pálọ̀, ó kéré tán, bàbá ń rí ohun tí ọmọ ń wò. Ìgbà ti yí padà. Ìwádìí Ofcom, àjọ tí ó ń ṣọ́ iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Ìlú Ọba, tí ó jáde ní ọdún 2024 sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 16 sí 24 tí ó ń wo tẹlifíṣọ̀n gidi ní ọ̀sẹ̀ kan kò tó ìdajì mọ́. Wọn kò lọ sí mọ́sálásí o. Fóònù ni wọ́n lọ. Inú yàrá, abẹ́ aṣọ ìbora, ni àlejò náà ń bá wọn sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, kò sì sí òfin aago 9 níbẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024 yẹ kí ó dẹ́rù ba ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọ̀dọ́kùnrin kan pa àwọn ọmọbìnrin kékeré mẹ́ta ní Southport. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àhesọ ti gba orí fóònù pé Mùsùlùmí tí ó fi ọkọ̀ ojú omi kékeré wọ ìlú ni. Irọ́ ni, Cardiff ni wọ́n ti bí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn jàǹdùkú ti ń sọ òkò lu mọ́sálásí Southport. Ẹni tí ó bá ti ka Súrà Al-Hujurat yóò rántí pé Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn kí a má baà ṣe àwọn ènìyàn ní ibi láìmọ̀, kí a sì wá kábàámọ̀. Àwọn tí kò gbọ́ àṣẹ yẹn ni ó sọ òkò. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ni ó ń gbọ́ ọ? Ìròyìn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nípa Júù, nípa Kìrìsìtẹ́nì, nípa àlùfáà ìjọ mìíràn, a máa gba orí fóònù wọn kọjá bí omi. Kódà Ofcom ti bu owó ìtanràn lé àwọn tẹlifíṣọ̀n kan tí Mùsùlùmí dá sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá.

OHUN TÍ ILÉ MÙSÙLÙMÍ LÈ ṢE

Kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dá wákàtí ìdákẹ́ padà. Láti Mọ̀gàríbì sí Ìṣáì ní ìgbà òtútù, kí tẹlifíṣọ̀n kú, kí gbogbo fóònù, ti bàbá àti ti ìyá pẹ̀lú, sùn sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ kì í tètè ṣú, kí wọ́n yan wákàtí mìíràn. Bí bàbá bá ní kí ọmọ gbé fóònù sílẹ̀ tí òun kò gbé ti òun sílẹ̀, ọmọ náà yóò gbọ́ ohun tí bàbá ń ṣe, kò ní gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Lẹ́yìn èyí, kí òbí máa bá ọmọ jókòó wò ó, kí wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ọmọ tí ó lè ṣàlàyé ní Yorùbá ìdí tí ohun tí ó rí fi dára tàbí tí ó fi burú ti ní ọgbọ́n méjì lọ́wọ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2018 ni BBC fúnra rẹ̀ ti ń gbé ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá. Ó jẹ́ ìtìjú bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá rí iyì nínú èdè tí bàbá ọmọ náà ń tijú láti sọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Mọ́sálásí pẹ̀lú ní ẹrù tirẹ̀. Bí ó bá ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn Ìṣáì, tí ó sì ń bú àwọn tí ó lọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, níbo ni ó fẹ́ kí wọ́n lọ? Kí àyè wà fún àwọn ìyá tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru, kí àwọn àgbà obìnrin máa bá wọn ṣọ́ ọmọ. Kí eré bọ́ọ̀lù wà, kí tíì gbígbóná wà, kí ìtàn àwọn Ànábì wà ní èdè tí ọmọ gbọ́. Ẹni tí ìnira ojoojúmọ́ ti rẹ̀, tí ó bá rí ara ilé tí yóò bi í pé báwo ni, kò ní wá àlejò tí kò lè dáhùn.

Ní ìparí, ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó bá ní ẹ̀bùn, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà, kí ó kọ́ bí a ti ń kọ eré àti bí a ti ń wádìí ìròyìn. Ènìyàn bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó jókòó kọ ìtàn àwọn olùtọ́jú ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ìlú fi gbóná. Ànábì ti kìlọ̀ pé ohun méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣòfò láìmọ iye rẹ̀: ìlera àti àkókò. Méjèèjì ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ lónìí, fóònù sì ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbà wọ́n.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ojú, etí àti ọkàn àwọn ọmọ Mùsùlùmí nílé àti lókè òkun. Kí Ó fi sùúrù sínú ìnira àwọn òbí, kí Ó má sì jẹ́ kí àlejò lé onílé jáde. Àmín.